Ọsibítù abẹ́ ilẹ̀ ní Dover Castle: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ lọ wò ó

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbọ́ pé ọsibítù ayé Ogun Àgbáyé Kejì wà ní Dover Castle, odi àtijọ́ kan ní etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló máa ń wá a lọ sínú ilé gogoro àárín odi. Wọ́n á gun àtẹ̀gùn títí, wọn ò sì ní rí i. Kò sí níbẹ̀. Inú òkè ẹfun tó kọjú sí òkun ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, kò sì sẹ́ni tó ń dá wọ ibẹ̀: afinimọ̀nà ló ń kó àlejò wọlé, ìwọ̀nba sì ni wọ́n ń kó lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ti mọ ìyẹn kó tó kúrò nílé, wàhálà rẹ̀ ti dín kù.

Níbo gan-an ni ọsibítù náà wà?

Castle náà tóbi, ilẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí éékà 80. Tí ẹ bá dúró síwájú ilé gogoro ńlá tí wọ́n ń pè ní Great Tower, tí ẹ wá kọjú sí òkun, inú ikùn òkè tó wà níwájú yín yẹn ni gbogbo ihò ogun wà. Ìpele-ìpele ni wọ́n gbẹ́ wọn. Annexe ló sún mọ́ òkè jù, òun ni ọsibítù. Casemate wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ṣọ́jà ayé Napoleon ló kọ́kọ́ ń sùn níbẹ̀, nígbà tó di 1939, àwọn ọ̀gá ológun ojú omi sọ ọ́ di ọ́fíìsì. Dumpy ló jìn jù, wọn kì í sì í mú àlejò lásán débẹ̀.

Lẹ́tà A, C, D ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn. Tí ẹ bá bi afinimọ̀nà pé B dà, á sọ fún yín pé Bastion ni: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ, ilẹ̀ ò gbà, ó ń ya lulẹ̀, ni wọ́n bá pa á tì.

Annexe àti Casemate ni àlejò ń wọ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ìrìn méjèèjì. Ọ̀tọ̀ ni ìlà tí èèyàn ń tò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ níbẹ̀ nìyí: èèyàn á tò sí ìlà Operation Dynamo, ìyẹn ìtàn bí wọ́n ṣe kó àwọn ọmọ ogun kúrò ní Dunkirk ní 1940, èyí tó jẹ́ ti Casemate, á rò pé ọsibítù wà lára rẹ̀, ìgbà tó bá jáde ní nǹkan bí wákàtí kan lẹ́yìn náà ló máa tó mọ̀ pé òun ò tíì rí nǹkan tó gbé òun wá. Ẹ wo àkọlé ẹnu ọ̀nà dáadáa. "Underground Hospital" lẹ ń wá.

Ṣé castle ayé àtijọ́ ni lóòótọ́, àbí àgọ́ ológun lásán?

Castle ayé àtijọ́ ni. Ọba Henry Kejì ló kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ máa rí lókè ilẹ̀, láàárín 1179 sí 1188. Maurice ni wọ́n ń pe ẹni tó darí iṣẹ́ náà. Great Tower ga tó nǹkan bí mítà 25, ibi tí ògiri rẹ̀ nípọn jù sì lé ní mítà 6. Ògiri yẹn nípọn débi pé wọ́n dá yàrá sínú rẹ̀.

Ìdí tí ọba fi náwó bẹ́ẹ̀ ní ìtàn nínú. Ní December 1170, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kan lọ pa Thomas Becket, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n sọ Becket di ẹni mímọ́, ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá síbi sàréè rẹ̀ láti wá gbàdúrà. Ọ̀nà Dover lẹni tó bá ti òkè òkun bọ̀ máa ń gbà. Ní 1179, ọba ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀, Louis Keje, wá; Henry ní láti lọ pàdé rẹ̀ ní Dover, kò sì sí ibi tó yẹ ọba níbẹ̀ tó lè gbé e sí. Àlejò bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀, àmọ́ ta ló ń fi èkùrọ́ lọ ọba? Nítorí náà ilé gogoro yẹn jẹ́ ilé àlejò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bó ṣe jẹ́ ilé ogun. Wọ́n kọ́ ilé àdúrà kékeré kan sínú rẹ̀ ní orúkọ Becket, ẹni tí àwọn èèyàn Henry pa. Ẹ má gbàgbé láti yà wò ó.

Ológun ò kúrò nínú castle náà títí di 1958. Ìdí nìyẹn tí ohun ayé Henry àti ohun ayé Hitler fi wà nínú odi kan náà.

Kí ló dé tí wọ́n fi gbé ọsibítù sábẹ́ ilẹ̀?

Ní June 1940, ilẹ̀ Faransé ṣubú sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì. Òkun tó wà láàárín Dover àti etíkun Faransé kò ju nǹkan bí kìlómítà 34 lọ. Àwọn ará Jámánì gbé ìbọn ńláńlá kalẹ̀ ní òdìkejì, láti August 1940 títí di September 1944 sì ni ọta wọn ń já lu Dover. Wọ́n sọ agbègbè náà ní Hellfire Corner, ìyẹn ni pé igun iná ọ̀run àpáàdì.

Ọkọ̀ òfúrufú tó fẹ́ ju bọ́ǹbù, èèyàn á gbúròó rẹ̀ lókèèrè, a ó fọn fèrè, kálukú á sá. Ọta ìbọn ńlá ò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ balẹ̀ gan-an ni ìkìlọ̀. Ta ló máa wá gbé ẹni tí wọ́n ti la ikùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì sá? Nítorí ìyẹn ni wọ́n fi gbẹ́ Annexe ní 1941.

Ọsibítù ni à ń pè é, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ò gùn. Ibi tí wọ́n ń gbé ẹni tó fara gbọgbẹ́ wá ni: wọ́n á dá ẹ̀jẹ̀ dúró, wọ́n á fọ ojú ọgbẹ́, wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ṣeé sún síwájú, tí ara rẹ̀ bá ti lè gba ìrìn àjò, wọ́n á gbé e lọ sí ọsibítù tó wà nínú lọ́hùn-ún, níbi tí ìbọn ò lè dé. Ẹ má retí ọsibítù alájà mẹ́ta tó ní wọ́ọ̀dù ìyá ọlọ́mọ.

Báwo ni wọ́n ṣe gbẹ́ irú ihò bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan?

Ẹfun ni òkè Dover. Ó rọ̀ débi pé ọ̀bẹ lè họ ọ́, síbẹ̀ ó lágbára tó láti dá dúró tí èèyàn bá gbẹ́ ihò sínú rẹ̀ tó ṣe àjà rẹ̀ ní ọrùn òṣùmàrè. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó máa ń bó, tí ìró bọ́ǹbù bá sì ń mi ilẹ̀, bíbó náà á pọ̀ sí i. Ìyẹn ni wọ́n fi irin tẹ́ inú rẹ̀. Ẹ máa rí i: irin tó tẹ̀ kọrọdọ ló gbé àjà ró, páànù onígbì-onígbì ló sì bò ó, irú páànù tí gbogbo wa mọ̀ lórí ilé, àfi pé eléyìí nípọn jù ú lọ. Ibi tí páànù bá ti já síra wọn, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ lè rí ẹfun funfun náà.

Kí la máa rí nínú ibẹ̀?

Ìrìn náà kò pẹ́, nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ọ̀nà gígùn tóóró ni, òmíràn á sì dá a ní ìbú, bí òpópónà ìlú tí wọ́n fi okùn wọ̀n. Tí ọ̀kan bá dí, èèyàn lè gba òmíràn kọjá. Ìbùsùn onírin wà ní ìlà, páìpù àti wáyà ń gba òkè lọ, ohun tí wọ́n fi ń dáná wà níbẹ̀.

Yàrá iṣẹ́ abẹ ni àárín gbùngbùn rẹ̀. Tábìlì kan, fìtílà ńlá lókè rẹ̀, àwo irin tí wọ́n to abẹ sí. Ẹ ò ní rí dókítà, ohùn wọn lẹ máa gbọ́: wọ́n ń ṣiṣẹ́ lára ẹnì kan tó fara gbọgbẹ́. Bọ́ǹbù á dún lókè, iná á máa ṣẹ́jú, òkùnkùn á ṣú bìrí fún ìwọ̀nba ìgbà, ohùn àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ò sì ní dákẹ́. Ẹni tó ti wà nínú ọsibítù nígbà tí NEPA mú iná lọ á mọ ohun tí ọkàn ń ṣe nírú àkókò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ohun èlò inú ibẹ̀ ni wọ́n kó jọ kí àlejò lè mọ bó ṣe rí. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ti wà níbẹ̀ láti 1941. Ihò náà àti irin ara rẹ̀ ni ojúlówó. Ní tiwa, ojú ọ̀nà tóóró yẹn ló yẹ kéèyàn fara balẹ̀ wò ju ìbùsùn lọ. Ẹ wọn ìbú rẹ̀ pẹ̀lú ojú, kí ẹ wá ronú nípa èèyàn méjì tó gbé ẹni tó fara gbọgbẹ́ dání tó ń bọ̀ níwájú, tí méjì mìíràn sì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Tí a bá dé, ibo ni ká kọ́kọ́ yà sí?

Ọsibítù. Ẹ má jẹ́ kí Great Tower tàn yín. Ilé gogoro ò ní afinimọ̀nà tí ẹ máa dúró dè, ìgbàkígbà tó bá wù yín lẹ lè wọ̀ ọ́ kí wọ́n tó ti ibẹ̀. Àmọ́ ìlà ọsibítù ń gùn sí i bí ọjọ́ ṣe ń ga, pàápàá lọ́jọ́ Sátidé àti nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé bá wà ní ìsinmi. Wọ́n tún máa ń dá ìrìn tó kẹ́yìn dúró kí castle tó ti, nítorí náà ẹni tó bá sún un dìrọ̀lẹ́ lè bá a ní títì.

Bó ṣe máa ń lọ dáadáa nìyí. Ẹ dé ibẹ̀ bí wọ́n bá ṣe ń ṣí. Ẹ gba ọ̀nà ìhà òkun tààrà lọ sí ọsibítù. Tí ẹ bá jáde, ẹ tò sí ìlà Operation Dynamo lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìyẹn ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 50, ó sì ń sọ bí Bertram Ramsay, ọ̀gá ológun ojú omi, àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe jókòó sínú ihò yẹn tí wọ́n fi kó ọmọ ogun 338,226 kúrò ní Dunkirk ní etíkun Faransé láàárín May 26 sí June 4, 1940. Ọ̀gá àgbà ìjọba rò pé bí wọ́n bá rí 45,000 kó, wọ́n ti gbìyànjú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹun. Ọ̀sán ni ẹ gun Great Tower, ẹ wo ilé iná àwọn ará Róòmù àti ṣọ́ọ̀ṣì, tí agbára bá kù, ẹ lọ sí ihò ayé àtijọ́ níhà àríwá. Ẹ fi wákàtí márùn-ún sílẹ̀ ó kéré tán. Wákàtí méjì ò tó, kò sì yẹ owó tíkẹ́ẹ̀tì.

Ìyá mi ti lé ní 70 ọdún, orúnkún ń dà á láàmú. Ṣé kó má wulẹ̀ wá?

Kó wá, àmọ́ kó má gun gbogbo rẹ̀. Orí òkè ni castle yìí. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀nà inú rẹ̀, ibòmíràn jẹ́ òkúta gbágungbàgun. Great Tower ò ní ẹ̀rọ agbéniròkè. Àtẹ̀gùn tó ń yí bí ìkarahun ìgbín ni, ó há, ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn náà ò sì ga bákan náà. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè wo ìta, kó jókòó sí àgbàlá. Nínú àwọn ihò, ti Operation Dynamo ló rọrùn fún ẹsẹ̀ ju ti ọsibítù lọ, àmọ́ ọ̀nà tó dé ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́.

Ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà pé ibo ni àga oníkẹ̀kẹ́ lè dé lọ́jọ́ náà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n máa ń ní ọkọ̀ kékeré tó ń gbé èèyàn yí ká. Ẹ béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹni tó bá sì tẹ̀ lé aláàbọ̀ ara láti máa ràn án lọ́wọ́, English Heritage, tó ń bójú tó castle náà, kì í gba owó lọ́wọ́ olùrànlọ́wọ́ yẹn.

Ṣé ọmọ kékeré lè wọ ọsibítù?

Ó lè wọ̀ ọ́, àmọ́ ẹ̀yin lẹ mọ ọmọ yín. Iná á ṣẹ́jú, òkùnkùn á ṣú, nǹkan á dún gbàmù. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò lè sùn láìsí iná, ẹ má mú un wọ̀ ọ́, nítorí tó bá ti bú sẹ́kún láàárín ihò, ọ̀nà àtijáde ò sí nítòsí, gbogbo àwùjọ náà ló máa dúró dè yín. Àwọn ọmọ bí ọdún mẹ́jọ sókè máa ń fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Kí ẹni tó ní wárápá, tàbí tí iná tó ń ṣẹ́jú máa ń dà láàmú, sọ fún afinimọ̀nà kó tó wọlé, tàbí kó fi ibẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Bákan náà ni ẹni tí ibi híhá máa ń kó láyà jẹ.

Kẹ̀kẹ́ ọmọdé ò bá ihò mu. Ẹ pọ̀n ọ́n. Kò sóhun tó dà bí ẹ̀yìn ìyá nínú ọ̀nà tóóró. Kí gbogbo yín yà sí ilé ìtọ̀ kí ẹ tó tò sí ìlà, títí kan ẹ̀yin àgbàlagbà.

Báwo la ṣe máa dé ibẹ̀ láti London?

Rélùwéè ló rọrùn jù. Èyí tó yára ń kúrò ní St Pancras, ó ń dé Dover Priory ní wákàtí kan àti díẹ̀. Èyí tó ń ti Charing Cross bọ̀, tó sì ń yà ní London Bridge, ń gba nǹkan bí wákàtí méjì, àmọ́ ó sábà máa ń dín owó. Ẹ ṣọ́ra: tíkẹ́ẹ̀tì ti Charing Cross lásán kò wọ ti St Pancras, ẹ máa san àfikún. Tí ẹ bá jẹ́ ẹbí, Network Railcard, káàdì tó ń dín owó rélùwéè kù, kan ṣoṣo ń dín ìdá kan nínú mẹ́ta owó àgbàlagbà mẹ́rin kù àti ìpín 60 nínú 100 lórí ti ọmọ mẹ́rin, àmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀ gbọ́dọ̀ ti lù.

Láti Dover Priory, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn ín ní nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ìdá tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ jẹ́ òkè gíga. Ẹni tó bá ní ọmọ tàbí àgbàlagbà lọ́wọ́, kó wọ takisí lọ, kó fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ ni àbọ̀ rẹ̀.

Tí a bá fẹ́ gbé mọ́tò ńkọ́?

Ẹ tẹ CT16 1HU sí ẹ̀rọ atọ́nà. A2 ni kí ẹ gbà, kì í ṣe A20. A20 ń gba etíkun lọ sí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó àwọn tírélà lọ sí Faransé, lọ́jọ́ tí ibẹ̀ bá dí, ẹ lè jókòó sẹ́yìn tírélà fún wákàtí méjì pẹ̀lú castle lójú yín lókè. Tí ẹ bá gba A2, ẹ máa dé ìyípo Duke of York's lórí òkè; ibẹ̀ ni ẹ ti yà sí A258, ó di ẹnu ọ̀nà castle. Tí ẹ bá ṣì í, tí ẹ tẹ̀ síwájú lórí A2, etí omi ló máa já yín sí, láàárín àwọn tó ń lọ sí Calais.

Ará ilé mi ń ti Nàìjíríà bọ̀. Ṣé ó nílò físà Faransé torí pé a máa dé etíkun?

Rárá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Dover, físà tó fi wọ London náà ló fi ń dé ibẹ̀. Ìgbà tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ló tó nílò físà mìíràn. Fọ́ọ̀nù rẹ̀ nìkan ló lè sọdá láìgbàṣẹ.

Fọ́ọ̀nù ni ẹ wí?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi ṣe ẹ̀rín. Lórí òkè Dover, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilẹ̀ Faransé máa ń wọlé ju ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ níbòmíràn. Ohun méjì ló ń ti ibẹ̀ yọ. Àkọ́kọ́, wọ́n lè yọ owó data òkè òkun lọ́wọ́ yín. Ẹ pa data roaming kí ẹ tó wọ ọgbà. Ìkejì, aago Faransé fi wákàtí kan ṣíwájú, fọ́ọ̀nù á sì yí aago rẹ̀ padà fúnra rẹ̀. Ẹni tó rò pé aago méjì ti lù, aago kan ni. Ẹ dé aago ọwọ́, tàbí kí ẹ pa títún aago ṣe fúnra rẹ̀.

Kí la máa wọ̀?

Bàtà pẹlẹbẹ tó di ilẹ̀ mú. Òkúta ibẹ̀ ti dán látàrí ẹsẹ̀ èèyàn, tí òjò bá rọ̀ sí i, ó ń yọ̀ bí ilá. Ẹ mú kóòtù lọ, kódà ní July: òtútù inú ihò ò mọ ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ orí òkè sì le. Gèlè kò ní bá yín débẹ̀. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá le jù, wọ́n lè ti orí Great Tower, tàbí kí wọ́n ti gbogbo castle náà, nítorí náà ẹ wo ojú òpó wọn láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń lọ. Ẹ tún wo ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí. Nígbà òtútù, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni wọ́n sábà máa ń ṣí.

Ṣé tíkẹ́ẹ̀tì ọsibítù yàtọ̀ sí ti castle?

Ọ̀kan náà ni. Tí ẹ bá ti san owó wọlé, ọsibítù, Operation Dynamo, Great Tower, gbogbo rẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ó dín owó tí ẹ bá rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú. Tí ẹ bá ń ronú àtilọ sí ibi méjì tàbí mẹ́ta tí English Heritage ń bójú tó láàárín ọdún kan, ẹ ṣírò owó ọmọ ẹgbẹ́: àgbàlagbà kan tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ lè mú ọmọ tó tó mẹ́fà nínú ẹbí rẹ̀ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Fún ìdílé ọlọ́mọ mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kejì tí ẹ bá jáde, owó yẹn lè ti padà.

Kí ló wà nínú Great Tower tó fi yẹ kéèyàn gùn ún?

Àjà mẹ́ta. Ìsàlẹ̀ ni ilé ìdáná, ibi tí wọ́n ti ń pọn ọtí àti yàrá ẹrù. Àjà àárín jẹ́ ti àlejò, òkè pátápátá jẹ́ ti ọba. Àwọ̀ tí wọ́n kun àga àti aṣọ ògiri rẹ̀, pupa fòò, búlúù, yẹ́lò, máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Wọ́n á ní ó jọ ilé ìṣeré ọmọdé. Bí olówó ayé Henry ṣe ń ṣe ilé rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ nìyẹn. Òkúta ìhòòhò tí a máa ń rí nínú castle yòókù, àwọ̀ rẹ̀ ló ti ṣí. Ní 2009 ni wọ́n tún inú ilé náà ṣe báyìí.

Ẹ wá kànga tó wà nínú rẹ̀. Ó jìn ju mítà 100 lọ, ó gba inú ẹfun lọ sísàlẹ̀ títí ó fi kan omi. Páìpù òjé ló ń pín omi rẹ̀ nínú ilé. Ní ayé 1180! Ẹni tó bá ń fa omi kànga nílé mọ ohun tí mítà 100 jẹ́ fún apá.

Ihò ayé àtijọ́ tí ẹ mẹ́nu bà níbẹ̀ yẹn, ṣé ara ọsibítù ni?

Rárá o. Ìhà àríwá nìyẹn wà, ó sì fi ọ̀rúndún méje ju ọsibítù lọ. Ní 1216, Louis, ọmọ ọba Faransé, kó ogun wá ká Dover mọ́. Hubert de Burgh ló di castle náà mú. Àwọn ará Faransé gbẹ́ abẹ́ ẹnu bodè ìhà àríwá títí ilé ìṣọ́ kan fi wó. Àwọn tó wà nínú fi igi dí ibi tó ya, wọ́n sì lé wọn padà. Nígbà tí ogun parí, wọ́n dí ẹnu bodè yẹn pa, wọ́n ṣí òmíràn sí ibi tó le láti dé, ìyẹn Constable's Gate, wọ́n wá gbẹ́ ihò sábẹ́ ibi tí ọ̀tá gbà wọlé kí ọmọ ogun lè máa gba ibẹ̀ jáde sí yàrà. Ẹ lè dá wọ ibẹ̀ láìsí afinimọ̀nà. Ó ga, ó ṣókùnkùn díẹ̀, ó sì lómi nílẹ̀.

Ilé gogoro tó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ńkọ́?

Ilé iná ojú òkun ni, àwọn ará Róòmù ló kọ́ ọ. Kò sí ohun tó pẹ́ tó o nínú ilé tó dúró nínú odi yẹn. Ẹ wo ara rẹ̀: òkúta lọ, bíríkì pupa pẹlẹbẹ dá a ní ìlà, òkúta tún lọ. Àwọn tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì St Mary in Castro sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1000 ṣa bíríkì Róòmù yẹn lò. Òkè ilé iná náà kì í ṣe ti Róòmù, wọ́n tún un kọ́ lẹ́yìn náà.

Oúnjẹ?

Ibi ìjẹun wà lókè ilẹ̀, àmọ́ ìlà rẹ̀ máa ń gùn láàárín aago méjìlá sí méjì. Pápá tútù pọ̀, ẹ gbé kúlà yín dání. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí ẹ sè láàárọ̀ dára ju búrẹ́dì inú ọ̀rá lọ. Ẹ kàn di ìdérí rẹ̀ mú dáadáa torí àwọn ẹyẹ òkun. Olè ni wọ́n, ọ̀sán gangan ni wọ́n sì ń jà.

Ṣé iwin wà níbẹ̀ lóòótọ́?

Ìtàn ọmọdé onílù tí kò lórí ni wọ́n máa ń sọ. Ẹni tó bá gbọ́ ìlù nínú ọsibítù, kó kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè sí.

Ṣé a lè ya fọ́tò?

Níta àti nínú Great Tower, kò sí wàhálà. Nínú ìrìn tó ní afinimọ̀nà, ẹ béèrè kí ẹ tó yọ fọ́ọ̀nù, ẹ má sì tan iná kámẹ́rà, torí òkùnkùn ibẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ rí.

Ṣé ọsibítù mìíràn wà ní Dover tó jẹ́ ti ayé àtijọ́?

Ó wà, ẹni tó dá a sílẹ̀ sì ni Hubert de Burgh kan náà tó di castle mú lọ́wọ́ Louis. Ní nǹkan bí 1203 ló kọ́ Maison Dieu sí àárín ìlú, fún àwọn arìnrìn-àjò tó ń lọ síbi sàréè Becket. Ọsibítù ìgbà yẹn kì í ṣe ilé abẹ́rẹ́ àti oògùn: ibùsùn ni, oúnjẹ ni, àdúrà ni, àti ẹni tó máa wẹ ẹsẹ̀ fún ẹni tó ti rìn títí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìlú sọ ọ́ di gbọ̀ngàn ìlú, William Burges, ayàwòrán ilé, sì ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Kò jìn sí ọ̀nà tí ẹ máa gbà padà sí Dover Priory. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí i fún àlejò, nítorí náà ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè.